Ọ̀dà Títì Lára Alùpùpù Wolé-wolé

Dorcas Ọlọ́runnísọ̀lá kì í jókòó sórí àga nílé ẹlòmíràn láìkọ́kọ́ fi aṣọ nù ún. Àwọn èèyàn rò pé ìgbéraga ni, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ni kò gba ìdọ̀tí. Láti kékeré ní Ọ̀yọ́, nínú agbo ilé wọn lẹ́yìn ọjà Akẹ̀sán, bí eṣinṣin bá fi ẹsẹ̀ kan etí àwo ọbẹ̀ rẹ̀, ó ti jẹun tán nìyẹn. Ìyá rẹ̀ a ní ọmọ yìí máa febi pa ara ẹ̀. Nígbà tó dàgbà tó lọ kọ́ iṣẹ́ wolé-wolé ní Ìbàdàn, kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu nílé wọn. Ó kúkú ti ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ tẹ́lẹ̀.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni kánsù gbé e lọ. Lọ́dún 1988 tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún dáadáa. Ọkọ rẹ̀, Stephen, ń ṣe tíṣà ní Ṣakí, ìparí oṣù ló ń wálé. Ọmọ wọn kan ṣoṣo, Ìbùkún, wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà ní Ọ̀yọ́ nítorí ilé ìwé. Dorcas nìkan ló ń gbé yàrá rẹ̀ l'Ógbómọ̀ṣọ́, òun àti alùpùpù rẹ̀.

Alùpùpù ọ̀hún pupa fòò. Kì í ṣe ti kánsù, òun fúnra rẹ̀ ló rà á. Táńkì rẹ̀ ń dán débi pé èèyàn lè fi ṣe dígí di gèlè, àwọn irin funfun ara rẹ̀ sì ń kọ mànà. Obìnrin tó ń gun máṣíìnì kò wọ́pọ̀ nígbà náà. Bó bá ti wọ kakí rẹ̀, tó gùn ún kọjá ní Sábó, àwọn ọmọ á máa sáré tẹ̀ lé e, àwọn ìyá wọn á sì yára da omi ìdọ̀tí tó wà lẹ́nu ọ̀nà nù kó tó padà dé. Láràárọ̀, kó tó wẹ ara rẹ̀, á kọ́kọ́ fi aṣọ rírọ̀ nu alùpùpù náà. Kì í yá ẹnikẹ́ni.

Nínú gbogbo iṣẹ́ rẹ̀, èyí tó le jù ni àyẹ̀wò ẹran. Ìdájí ló ń dé odò ẹran, níbi tí wọ́n ti ń pa màlúù, á wo ẹ̀dọ̀, á wo fùkù, á gbóòórùn itan. Èyí tó bá dára, wọ́n á tẹ òǹtẹ̀ kánsù aláwọ̀ búlúù mọ́ ọn. Ẹni tó ń bá a di òǹtẹ̀ náà mú ni Ọládipúpọ̀, ọ̀dọ́kùnrin ẹlẹ́nu dídùn kan tí kì í rìn láìsí táwẹ̀lì funfun onílà búlúù lọ́rùn, tó fi ń nu òógùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó bá itan mẹ́rin lórí tábìlì Saifudeen Àkànjí, ọ̀kan nínú àwọn àgbà alápatà. Kó tó dé ìdí tábìlì ni òórùn ti pàdé rẹ̀. Ẹran náà dúdú, ó ń yọ omi, ẹ̀jẹ̀ dì sínú iṣan rẹ̀ bíi pé wọ́n fi pamọ́ síbẹ̀. Ó fi ìka tẹ̀ ẹ́, ojú ìka náà kò padà wú.

Ó ní, "Bàbá Alápatà, ẹran yìí ti kú kí ọ̀bẹ tó kàn án."

"Háà, Ìyá wolé-wolé! Ọwọ́ mi yìí ni mo fi pa á, mo ṣe Bísímílà sí i."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi orúkọ Ọlọ́run sí i."

Ohun tó yà á lẹ́nu ni pé òǹtẹ̀ kánsù ti wà lára ẹran náà. Ó bojú wo Ọládipúpọ̀. Ọládipúpọ̀ nu òógùn ọrùn rẹ̀, ó ní bóyá èyí tí àwọn tẹ̀ lánàá ló ràn mọ́ ọn lórí tábìlì. Lẹ́yìn náà ló sún mọ́ ọn, tó rọra sọ fún un pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká gé ibi tó ti bàjẹ́ kúrò, ká fi èyí tó kù sílẹ̀ fún bàbá."

Dorcas ní kí wọ́n gbẹ́ kòtò. Ó ní kí wọ́n ju itan mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú rẹ̀, kí wọ́n da kẹrosíìnì sí i, kí wọ́n fi eérú bò ó kí wọ́n tó da yẹ̀pẹ̀ sí i. Àwọn obìnrin tó ti ń dúró ra ẹran pàtẹ́wọ́ sára wọn, wọ́n ní irú kí lèyí. Àkànjí ká ọwọ́ mọ́ àyà, ó ní Ọlọ́run á dá ẹjọ́ náà. Nígbà tí wọ́n dí kòtò tán, Dorcas rìn lọ sẹ́yìn ògiri, ó bì. Àkàrà tó jẹ láàárọ̀ ló bì jáde. Ó fi omi yọ ẹnu, ó sì padà wá wo tábìlì tó kàn.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ń da ọ̀dà sí títì tó kọjá níwájú ọ́fíìsì wọn. Dúrọ́ọ̀mù ọ̀dà wà lórí iná, èéfín rẹ̀ sì ń wọlé láti ojú fèrèsé. Dorcas wà nínú ọ́fíìsì títí di ọ̀sán. Nígbà tó jáde pé kó lọ yẹ kànga kan wò, ó rí i pé èrò pé jọ sábẹ́ igi máńgòrò níbi tó gbé alùpùpù rẹ̀ sí. Ó kọ́kọ́ rò pé ejò ni wọ́n rí.

Kò dá alùpùpù náà mọ̀. Wọ́n ti fi ọ̀dà kùn ún láti iná iwájú títí dé ìjókòó, wọ́n kùn táńkì, wọ́n kùn ibi tí èèyàn ń fọwọ́ dì mú, wọ́n sì wá bu yẹ̀pẹ̀ àti ìyẹ́ adìẹ sí i lórí. Oòrùn ọ̀sán ti mú un rọ̀, ó ń kán tó, tó sílẹ̀ bíi kẹ̀lẹ̀bẹ̀ àgbàlagbà. Eṣinṣin méjì ti lẹ̀ mọ́ táńkì, wọ́n ń gbọn ìyẹ́.

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ó ní máṣíìnì ti di adìẹ. Ọládipúpọ̀ sáré jáde láti inú ọ́fíìsì, ó ká ọwọ́ lérí. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́ o! Ẹ kú ìrójú! Ta ló ṣe irú èyí? Alápatà yẹn ni, kò lè jẹ́ ẹlòmíràn!" Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

Ọ̀gá wọn, Ọ̀gbẹ́ni Adéríbigbé, náà jáde, ó ń fi igi ta ẹran kúrò láàárín eyín rẹ̀. Ó wo alùpùpù náà, ó wo Dorcas.

"Ìyá Ìbùkún, mo ti ń sọ fún yín. Ẹ kì í jẹ́ kí nǹkan rọrùn. Tìtorí ẹran lásánlàsàn."

Ó tu ohun tó yọ nínú eyín rẹ̀ sílẹ̀, ó sì wọlé lọ. Dorcas tẹjú mọ́ èyí tó tu sílẹ̀ yẹn.

Mẹkáníìkì kan tó wà ní òdìkejì títì gbé bẹntiróòlù àti kànìnkànìn onírin wá, irú èyí tí wọ́n fi ń ha ìdí ìkòkò. Ó ní iṣẹ́ kékeré ni. Dorcas ṣì dúró bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Ọkùnrin náà da bẹntiróòlù sí irin tó bo táyà ẹ̀yìn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ha á gìdìgìdì. Ọ̀dà kúrò lóòótọ́. Pẹ́ńtì pupa náà kúrò pẹ̀lú rẹ̀. Irin funfun yọ bí egungun.

"Fi sílẹ̀!" Ohùn Dorcas ló mú kí gbogbo èrò náà dákẹ́. "Má fọwọ́ kàn án mọ́. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án."

Nígbà tó di Sátidé, ó tẹ́ àpò sórí ìjókòó, ó fi àkísà di ibi tó ń fọwọ́ mú, ó sì gùn ún bẹ́ẹ̀ lọ sí Ọ̀yọ́. Bó ṣe ń lọ ni eruku ń lẹ̀ mọ́ ọ̀dà náà. Àwọn tó wà nínú mọ́tò ń yọrí wò ó. Òórùn ọ̀dà wọ inú ọ̀fun rẹ̀ débi pé bó ti ń gbé itọ́ mì, ó ń tọ́ ọ wò. Ó ṣẹ́ omijé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nígbà tó kọjá Ìlú Ajé, ó sì bú ara rẹ̀ pé kí ló ń sunkún sí.

Ìyá rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ó dìde.

"Dorcas, kí lèyí?"

"Ọ̀dà títì ni, mà."

"Ta ló kùn ún?"

"N ò tíì mọ̀, mà. Wọ́n ní alápatà kan ni."

"Tìtorí ẹran?"

"Tìtorí òkú màlúù, mà."

Ìyá àgbà pòṣé. Ó ti pẹ́ tó ti ń sọ pé kí ọmọ òun fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, kó wá ta aṣọ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn kò sọ ọ́. Ó wọlé, ó gbé ìgò àdín jáde. Ó ní nígbà tí àwọn wà lóko, bí oje igi bá lẹ̀ mọ́ àwọn lára, àdín làwọn fi ń tú u, torí kì í bó èèyàn lára.

Dorcas kò kàn gba ọ̀rọ̀ náà bẹ́ẹ̀. Ó ti rí ohun tí ìkánjú ṣe sí máṣíìnì rẹ̀. Ó ṣí ìjókòó sókè, ó wá ibi tí ojú kò lè dé nísàlẹ̀ rẹ̀, ó fi kẹrosíìnì díẹ̀ pa apá kan, ó fi àdín pa apá kejì, ó sì lọ bá Ìbùkún jẹun. Nígbà tó padà dé, ibi tí kẹrosíìnì wà ti ṣú díẹ̀, kò dán mọ́. Ibi tí àdín wà kò yí padà. Ó wá pinnu pé àdín ni òun yóò lò fún gbogbo ibi tó ní pẹ́ńtì. Kẹrosíìnì kò ní kọjá ara àwọn irin funfun àti ẹ́ńjìnnì.

Wọ́n ti alùpùpù náà sínú ibòji, kí ara rẹ̀ lè kọ́kọ́ tutù. Dorcas fi ọwọ́ ṣa ìyẹ́ adìẹ kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó rọra da omi sí i kí yẹ̀pẹ̀ lè ṣàn lọ, torí yẹ̀pẹ̀ tó bá wà lábẹ́ àkísà yóò ha pẹ́ńtì bí ọ̀bẹ. Ó ya síńgílẹ́ẹ̀tì Stephen tó ti gbó, ó rẹ ẹ́ sínú àdín, ó sì tẹ́ ẹ sórí táńkì bí ẹni di egbò. Ó fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kò ha á, kò fi èékánná kàn án, kò fi ọ̀bẹ sún mọ́ ọn. Nígbà tó ṣí aṣọ náà, ọ̀dà ti rọ̀, ó ti ń ṣàn pọ̀ mọ́ àdín, ó di omi aláwọ̀ ilẹ̀ kan tó ń yọ̀, tó ń fà bí ikun. Ó nù ún lápá kan ṣoṣo, láti òkè wá sísàlẹ̀, ó yí aṣọ sí ojú tó mọ́, ó tún nù ún. Àkísà tó bá ti dúdú, ó ń jù ú nù ni, kì í dá a padà sórí pẹ́ńtì.

Iṣẹ́ náà kò yá, ó sì rí ni lára. Ọ̀dà wọ abẹ́ èékánná rẹ̀. Ó kán sí i lẹ́sẹ̀, eruku lẹ̀ mọ́ ọn níbẹ̀. Òórùn àdín àti ọ̀dà para pọ̀ di nǹkan kan tó dà bí ọbẹ̀ tó ti kan láti ìjẹta. Ìbùkún fi ọwọ́ bo imú, ó sá wọlé. Ìyá àgbà ní kó sinmi, Dorcas ní bí òun bá sinmi, òun kò ní padà síbẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n bí táńkì ṣe ń pupa padà díẹ̀díẹ̀, ó ń rí ojú ara rẹ̀ nínú rẹ̀, dúdú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ kún fún ọ̀dà.

Ìgbà tó dé abẹ́ táńkì, níbi tó ti pàdé ìjókòó, ni ọwọ́ rẹ̀ kan nǹkan tó rọ̀. Ó rò pé ẹran tàbí eku tó kú ni, ó yára fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn. Ó fi igi yọ ọ́. Aṣọ ni, ó ti di lílẹ̀ nínú ọ̀dà, ó há síbẹ̀ nígbà tí ẹni tó ń kùn ún ń fi í ti ọ̀dà wọ inú. Dorcas bu àdín sí i, ó fọ̀ ọ́ bó ṣe fọ táńkì. Funfun ni, ó ní ìlà búlúù.

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó gbàgbé ìdọ̀tí.

Ìyá rẹ̀ bi í pé, "Ṣé o mọ ẹni tó ni ín?"

"Mo mọ̀ ọ́n, mà. Òun ló kọ́kọ́ kí mi kú ìrójú."

Ó tutọ́ sílẹ̀, lẹ́yìn náà ló dìde, ó parí iṣẹ́ rẹ̀. Ó fi ọṣẹ àti omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ fọ gbogbo àdín kúrò kó má bàa máa gba eruku, ó fi omi tó mọ́ ṣàn án, ó fi aṣọ gbígbẹ nù ún, ó sì fi ìda tí wọ́n fi ń dán mọ́tò pa á. Àfi irin ẹ̀yìn tí mẹkáníìkì ti bà jẹ́ ló kù tí kò dán.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó dúró de Ọládipúpọ̀ ní ọ́fíìsì.

"Ọládipúpọ̀, táwẹ̀lì rẹ dà?"

"Ó wà nílé, Ẹ̀gbọ́n. Wọ́n ń fọ̀ ọ́."

Dorcas gbé e jáde láti inú ọ̀rá, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Ọládipúpọ̀ wò ó títí. Dorcas ti múra de ìbúra àti irọ́. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó sì fa àga jókòó.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ fà á. Ẹ ba oúnjẹ jẹ́ mọ́ wa lẹ́nu."

"Alápatà ló rán ọ?"

"Kò rán mi. Kò tiẹ̀ mọ̀ sí i."

"Òǹtẹ̀ ara ẹran yẹn ńkọ́?"

"Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́. Kì í ṣe àkọ́kọ́. Jímọ̀ Jímọ̀ ni bàbá ń bu tiwa fún wa, èmi àti Ọ̀gá."

Dorcas rò pé òun kò gbọ́ ọ dáadáa. "Nínú òkú màlúù yẹn? Ìwọ náà ń jẹ ẹ́?"

Ọládipúpọ̀ gbé èjìká. "Mo máa ń sè é kó jinná dáadáa."

Dorcas sún sẹ́yìn títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kan ògiri. Ó rántí gbogbo ọ̀sán tí ọkùnrin yìí ti jókòó jẹun lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó ń ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá jẹun," tó ń na àwo sí i. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti gba ẹran lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ.

Ọ̀gbẹ́ni Adéríbigbé gbọ́ ohùn wọn, ó pè wọ́n wọlé. Ó ní ọ̀rọ̀ ilé ni, kò yẹ kó dé ìta. Ó ní kí Ọládipúpọ̀ dọ̀bálẹ̀, Ọládipúpọ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó ní kí wọ́n ra mínírà wá, kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ mu ún. "Ó tán, Ìyá Ìbùkún. Ẹ bá a bọ ọwọ́."

"N ò ní bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, sà. N ò sì ní mu mínírà yín. Gbogbo ìlú ni ẹ fún ní òkú jẹ."

Ó ní òun yóò gbé ọ̀rọ̀ náà tọ alága kánsù lọ. Ṣùgbọ́n Adéríbigbé ti yára jù ú lọ. Kó tó rí alága, wọ́n ti ní kó kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Ìkòyí-Ilé, pé ibẹ̀ nílò ẹni tó mọ iṣẹ́.

Ní Ìkòyí-Ilé, kànga àti ṣáláńgá ló ń yẹ̀ wò. Àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ gba tiẹ̀, wọ́n ń fún un ní iṣu. Kò sí odò ẹran, ó sì dúpẹ́ fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n bó bá rántí àwọn ìyá tó ń dúró sídìí tábìlì Àkànjí pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́, tí wọ́n ń wá òǹtẹ̀ búlúù kí ọkàn wọn lè balẹ̀, á gbé oúnjẹ rẹ̀ tì.

Ọyẹ́ ti dé nígbà tí Saifudeen Àkànjí fúnra rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò, tó béèrè ilé rẹ̀. Ó gbé ẹran sínú ọ̀rá, ẹ̀jẹ̀ ń kán, eṣinṣin tẹ̀ lé e wọ àgbàlá.

"Ẹ kúulé o, Ìyá wolé-wolé. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta."

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá Alápatà. Ẹ gbé ẹran yẹn jìnnà sí mi."

"Ẹran dáadáa ni, mà, àárọ̀ yìí ni mo pa á."

"Ẹ gbé e jìnnà."

Ó gbé e sẹ́yìn ògiri, ó padà wá jókòó. Ó wá sọ tẹnu rẹ̀. Ìgbà tí wọ́n gbé Dorcas lọ ni àwọn oníbàárà ti bẹ̀rẹ̀ sí í sá. Bí wọ́n bá dé ìsọ̀ rẹ̀, wọ́n á ní, "Ṣé ìyá tó ń gun máṣíìnì pupa ti wò ó?" Bó bá ní rárá, wọ́n á gba ibòmíràn lọ. Wọ́n tún fi ẹran rẹ̀ ṣe ìkómọ níbì kan, gbogbo ilé bẹ̀rẹ̀ sí í yàgbẹ́ gbuuru. Àwọn obìnrin ilé náà gbé ìkòkò ọbẹ̀ wá sí ìsọ̀ rẹ̀ lójú ọjà, wọ́n sì dà á sí i lórí.

"Gbogbo ara mi, mà. Ọbẹ̀ tó ti kan. Mo wẹ̀ ẹ́ títí, òórùn rẹ̀ kò lọ."

Dorcas wò ó. Kò rí àánú kankan nínú ara rẹ̀ fún un. "Bàbá Alápatà, ẹ jẹ́ n bi yín. Ẹ̀yin àti ìyàwó yín, ṣé ẹ ń jẹ nínú ẹran tí ẹ ń tà?"

Ọkùnrin náà wolẹ̀.

"Rárá, mà. Ẹja ni ìyàwó mi máa ń rà."

Dorcas dìde kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́. Ọkùnrin náà ń bẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn pé kó padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, pé kó wá máa wo ẹran òun, pé òun kò ní ra òkú màlúù mọ́.

"Ẹ má bẹ̀ mí," ni Dorcas wí, kò yíjú padà. "Ẹ lọ bá alága kánsù. Ẹ sọ ẹni tí ẹ ń bu ẹran fún ní Jímọ̀ Jímọ̀. Ẹ sọ ọ́ lójú èèyàn. Bí ẹ bá sì ń lọ, ẹ má gbàgbé ẹran yín lẹ́yìn ògiri."

Àkànjí lọ sọ ọ́ lóòótọ́. Àìrí ọjà tà ló lé e débẹ̀, Dorcas kò fìgbà kan rò pé ìrònúpìwàdà ni. Wọ́n ní kí Adéríbigbé lọ fẹ̀yìn tì. Wọ́n lé Ọládipúpọ̀ lẹ́nu iṣẹ́, ó sì lọ bá ìbátan rẹ̀ kan tó ń ta páànù. Kí òjò ọdún tó tẹ̀ lé e tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti dá Dorcas padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n sì fi òǹtẹ̀ lé òun nìkan lọ́wọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́ ní odò ẹran, gbogbo alápatà kí i, àwọn míì tiẹ̀ fẹ́ gbá ilẹ̀ iwájú rẹ̀. Àkànjí la màlúù rẹ̀ lójú rẹ̀. Nígbà tó ṣí ẹ̀dọ̀, àwọn aràn pẹlẹbẹ ń rá pálá nínú rẹ̀. Kí Dorcas tó la ẹnu, Àkànjí ti gé ẹ̀dọ̀ náà kúrò, ó ti jù ú sínú agolo kẹrosíìnì, ó sì gbójú sókè, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé tó ń retí ìyìn.

Dorcas kò yìn ín. Ó wo fùkù, ó wo itan, ó gbóòórùn wọn, ó sì tẹ òǹtẹ̀ mọ́ èyí tó dára. Ó fi omi ṣan ẹ̀jẹ̀ kúrò lára bàtà rẹ̀, ó fún imú rẹ̀ pọ̀, ó sì kọjá lọ sídìí tábìlì kejì.